Ẹjọ́ Tí A Kò Gbọ́ Lójú Márosẹ̀

Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn èèyàn ti ń gbàdúrà tó òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ gbéra láti Berger, ẹ gba ẹnu ọ̀nà OPIC àti afárá Kára kọjá, kí ẹ máa bọ̀ níhà Ìbàfò. Ẹ ó rí Prayer City ti ìjọ Mountain of Fire. Bí ẹ bá ń lọ síwájú sí i, ẹ ó rí ibùdó Deeper Life, ẹ ó rí ibi tí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT ti ń pé jọ kírun, ẹ ó sì rí ibùdó ìjọ Redeemed nítòsí Mówè, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Kámpù. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọkọ̀ àwọn olùjọ́sìn nìkan tó láti dí ọ̀nà. Orin ìyìn á máa dún nínú ọkọ̀ kan, tẹ̀súbà á máa mì lára dígí òmíràn, ẹ̀yìn ẹ̀kẹta á gbé àkọlé pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bo òun. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni mo ti gbọ́ èpè jù lọ láyé mi.

Inú ẹ́sítéètì OPIC ní Ìṣẹrí ni mò ń gbé. Mówè ni ilé ìwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì wà. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Èkó ló kún Arépo, Mágbọ̀rọ̀, Ìbàfò àti Mówè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn ti kọrí sí Èkó. Alẹ́ ni gbogbo wọn ń padà. Òdìkejì wọn ni èmi ń lọ láàárọ̀, nítorí náà mo máa ń rí ojú wọn. Ojú ẹni tí kò sùn tó, tí ó ti pẹ́ síbi iṣẹ́ nígbà tí kò tíì jáde ní àdúgbò rẹ̀ pàápàá, kì í ṣe ojú tí à ń gbàgbé. Àwọn kan nínú wọn kì í lè fara dà á. Wọn á ré kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, wọn á tan iná ọkọ̀ ńlá sí wa lójú, wọn á kọjú sí àwa tí a ní ọ̀nà, wọn á sì máa bú wa pé a kò yà fún wọn.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: kí ló ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí eékún, tó jẹ́ pé kí ó tó dé Wáréwá lójú ọ̀nà yìí, ó ti pe ọmọ ọlọ́mọ ní wèrè, ó sì ti ṣépè fún ìyá tó bí i? Àwọn kan á ní ìlú ló le. Ìlú le lóòótọ́. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí. Nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tí Julius Berger gba apá Èkó títí dé oríta Ṣàgámù, tí RCC gba èyí tó kù dé Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń há ara wa mọ́ àárín bùlọ́ọ̀kù kọnkéré. Oòrùn ń pa wá, epo ń tán, ọmọ ń sunkún. Àwọn mìíràn á ní èṣù ni. Èmi kò fẹ́ kí á yára di ẹrù lé èṣù lórí. Mo rò pé ẹjọ́ ni à ń dá. Ẹni tó bínú lórí títì ti jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́: ó ti ka ẹ̀sùn, ó ti dá ẹni kejì lẹ́bi, ó ti fi ìyà jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú. Ẹni kejì kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn àgbà wa kò fi orúkọ rírọ̀ pe irú adájọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn ni.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, Ògún ni wọ́n sì ń bọ nílé wọn. Láti ẹnu rẹ̀ ni ìtàn Ògún ní Ìrè Èkìtì ti dé etí wa. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Ògún ti ojú ogun bọ̀, ó wá sí Ìrè níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń jọba. Ó ti rìn jìnnà, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ará ìlú níbi àpéjọ kan tí èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò jẹ́ ẹ. Agbè ẹmu wà nílẹ̀. Ó gbé e, òfìfo ni. Ó gbé òmíràn, òfìfo ni. Ó gbà pé àbùkù ni wọ́n fi kan òun. Ó fa idà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá wọn. Ìgbà tí àkókò èèwọ̀ kọjá, tí ẹnu àwọn tó ṣẹ́kù ṣí, ni ọmọ rẹ̀ gbé ohun jíjẹ àti ẹmu wá bá a, tó sì ṣàlàyé ohun tó fà á tí wọn kò fi dáhùn. Ìgbà náà ni Ògún tó mọ̀ pé àwọn èèyàn tòun ni òun ń pa. Ó fi idà gúnlẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń pa ìtàn yìí nítorí agbára Ògún kò gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn ará Ìrè kò ṣẹ̀ ẹ́. Wọn kò kórìíra rẹ̀. Ẹnu wọn ló wà ní dídè, ó sì ka ìdákẹ́ wọn sí èébú. Òrìṣà tó lágbára tó báyẹn, tó mọ irin, tó mọ ọ̀nà, tó la igbó fún àwọn òrìṣà yòókù, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè. Bí irú èyí bá lè bá Ògún, ta ni èmi tí mo jókòó sínú irin tó fi ta wá lọ́rẹ?

Nítorí pé inú èèwọ̀ àìsọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo wa wà nígbà tí a bá ń wakọ̀. Dígí ti wà lókè. Ohun tí a fi lè bá ara wa sọ̀rọ̀ kò ju fèrè, iná àti ọwọ́ lọ, kò sì sí èyí tó lè sọ pé ẹ jọ̀ọ́, tàyà mi ń jò, tàbí pé ẹ má bínú, mi ò rí yín. Ẹni tó bá kọlu ẹlòmíràn lọ́jà Ìbàfò á ní ẹ pẹ̀lẹ́ kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Ẹni tó bá rékọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ro oko á ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkíni ni a fi ń sọ fún ara wa pé èèyàn ni mo rí, kì í ṣe igi. Ṣùgbọ́n lórí márosẹ̀, a kì í rí èèyàn. Sienna là ń rí, Corolla là ń rí, dánfó là ń rí. "Wo Sienna burúkú yìí!" Ta ni ń bẹ nínú Sienna náà?

Ẹni tó bá ń gbé ní OPIC mọ bí ọjà ẹran Kára ṣe ń rí nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àgbò á kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ń tì í sínú búùtù, wọ́n ń gbé e sórí ọ̀kadà, ọkọ̀ ń dúró níbi tí kò yẹ kó dúró. Ní ọdún kan, Corolla kan tó wà níwájú mi díẹ̀, tí obìnrin kan ń wà, dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ ńlá dúdú. Ọkùnrin náà tẹ fèrè, kò gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó la ìka márààrún. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ dúró. Ohun tí ọkùnrin náà rí ni èébú ìka márùn-ún, èyí tí a fi ń bú ìyá ẹni. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó yọ sípánà tí wọ́n fi ń tú wílì, ó sì fi fọ́ iná ẹ̀yìn Corolla náà kó tó rìn dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ló ti rí i. Àgbò kan já mọ́ ọmọdékùnrin kan lọ́wọ́, ó sì ti há sábẹ́ bọ́ńpà. Ọmọ náà wà ní ìdọ̀bálẹ̀ níwájú tàyà, okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fà á.

Ọkùnrin náà wo ọmọ, ó wo sípánà. Gbogbo ara rẹ̀ rọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, màdáámù." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó nínú àpò. Obìnrin náà kò gba owó, kò sì pariwo. Ohun tó sọ fún un ni pé, "Ẹ̀ bá bi mí."

Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin náà gbọ́ràn sí fèrè náà lẹ́nu ni, tó tẹ ọkọ̀ síwájú, a kì bá máa sọ ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn ọkọ̀.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn Báláámù, nínú ìwé Númérì orí 22. Ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrìnàjò. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà yà kúrò lójú ọ̀nà, Báláámù nà án. Ẹranko náà fún un lẹ́sẹ̀ mọ́ ògiri, Báláámù tún nà án. Ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìbínú Báláámù ru, ó fi ọ̀pá lù ú nígbà kẹta. Ohun tí kò rí ni áńgẹ́lì tó dúró sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Nígbà tí Ọlọ́run la ẹnu ẹranko náà, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi Báláámù: kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín pé ẹranko sọ̀rọ̀. Èmi máa ń ní kí wọ́n wo ìdáhùn Báláámù. Ìbínú ti bò ó lójú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yà á lẹ́nu pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń bá òun sọ̀rọ̀; ńṣe ló ń bá a ṣe àròyé, tó ní bí òun bá ní idà lọ́wọ́ ni, òun ì bá ti pa á. Ẹni tó ń wá idà kò mọ̀ pé idà wà níwájú òun, àti pé ẹni tí òun fẹ́ pa ló fi ara rẹ̀ dínà ikú fún òun.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé sùúrù lójú títì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ lásán, bí ìgbà tí a bá ń sọ pé ọmọ yìí kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni. Ẹni tó wà níwájú mi ń rí ohun tí èmi kò rí. Nígbà tí mo bá bínú sí i, mo ń sọ pé ohun tí ojú mi kò tó kò sí. Ìgbéraga ni èyí níwájú Ẹlẹ́dàá tó rí ọ̀nà náà láti òkèèrè dé òkèèrè, kó tó di pé ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọnìkejì mi. Nínú ìmọ̀ Ifá, Ìwà tó jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà, Sùúrù ni bàbá rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé kí ló dé tí wọn kò fi ní Agbára ni bàbá rẹ̀, tàbí Ọgbọ́n. Ó dà bíi pé àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹni tí kò lè dúró kì í pẹ́ kó tó ṣìwà hù, bó ti wù kí ó gbọ́n tó.

Mùsùlùmí ni bàbá mi, lọ́rì ló sì fi wíwà jẹun. Láti Abẹ́òkúta ló ti ń wá, á gba Ìtòrì, á gba Pápáláńtò àti Ifọ̀, á já sí Ṣàngó, kó tó wọ Èkó, nígbà tí márosẹ̀ tiwa yìí kò tíì sí. Ohun kan wà tó máa ń ṣe: kì í sọ̀rọ̀ sí awakọ̀ tí kò bá tíì rí ojú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gé e lọ́nà, tí ọmọkọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí síta bú onítọ̀hún, á ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Bí wọ́n bá wá dé ibi tí ọkọ̀ méjèèjì ti dúró, á wo ojú náà. Ó ní nígbà mìíràn ojú ẹni tí oorun ń kùn ni, ó sì máa ń ní kí onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ kí ó fi omi bọ́jú. Nígbà mìíràn, ojú ẹni tó ń gbé aláìsàn ni. Àwọn kan wà tí ojú wọn jẹ́ ojú aláfojúdi, kò sì fi bò pé irú wọn wà. Ṣùgbọ́n ó ní wọn kò pọ̀ tó bí ọmọkọ̀ òun ṣe rò.

Ó máa ń sọ fún wa nípa ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí Nàìjíríà fi wíwakọ̀ lápá òsì sílẹ̀, tí gbogbo wa bọ́ sí apá ọ̀tún. Ó ní ẹ̀rù ti ba òun pé ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò rí àwọn awakọ̀ kí wọ́n mú sùúrù fún ara wọn tó ìgbà yẹn rí. Kálukú ló ń rọra, kálukú ló ń juwọ́ sí ẹnìkejì, nítorí pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ níwájú lè ṣì í, òun alára náà sì lè ṣì í. Èmi gba ẹ̀rí yìí gbọ́ ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ. Àwọn awakọ̀ ìgbà yẹn kò yàtọ̀ sí tòní, ọ̀nà wọn kò sì dára ju tiwa lọ. Wọ́n kàn gbà fún ìgbà díẹ̀ pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ pé: olùkọ́, àwọn tó ṣẹ̀ wá lóòótọ́ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó kọjú ọkọ̀ sí àwọn tó ń bọ̀ láàárọ̀ kùtù ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣeré. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ epo tí bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ sójú pópó ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣeré. Afárá Ọ̀tẹ́dọlá kò jìnnà sí wa: ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ epo kan ṣubú níbẹ̀, ó gbaná, àwọn èèyàn kú, ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta sì jóná. Bí ẹnìkan bá bínú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mi ò ní kí ó má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìbínú òdodo ń ṣe. Ó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ń pe 122, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ó ń wá àwọn TRACE, àwọn amójútó ìrìnnà ọkọ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ. Ó ń fẹ́ kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ibi tí ẹnu méjèèjì á ti sọ̀rọ̀. Ìbínú kejì kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rárá. Ìyẹn ló ń ṣí búùtù wá sípánà.

Kì í ṣe ohun tí mo lè fojú fò pé nígbà tí ìjọba Babangida dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí kò fi ìfẹ́ rẹ̀ sí Ògún pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ Ògún dáadáa mọ̀ pé ọ̀nà kò ṣeé fi sílẹ̀ fún inú ríru ẹnìkan. Ẹ sì tún wo kóòtù wa. Ẹni tí kì í ṣe Kristẹni, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, irin ni wọ́n ń gbé fún un láti fi búra kó tó jẹ́rìí. Ògún tó dá ẹjọ́ láìgbọ́ ní Ìrè, òun náà ni wọ́n wá ń gbé síwájú adájọ́ kí wọ́n lè gbọ́ òtítọ́. Bí mo ṣe rí i, òun gan-an ni ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nínú ilẹ̀ tó wọ̀.

Àwọn onídánfó, wọn kì í sinmi lẹ́nu wa. Mi ò ní gbè wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gé èèyàn lọ́nà láìtan iná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Iye kan wà tí wọ́n gbọdọ̀ san fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́, iye kan wà tí àwọn àgbèrò ń gbà ní gbogbo ibùdókọ̀, iye kan wà fún epo. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni awakọ̀ máa gbé délé. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá lò ní ẹnu ọ̀nà Mágbọ̀rọ̀, ara èyí tó máa gbé délé ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ bi í kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Ẹ sì lè dá a lẹ́bi lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá bi í tán.

Àwọn tí mi ò ní àwáwí fún ni àwọn ẹni ńlá tí ọlọ́pàá ń ṣáájú wọn, tí wọ́n ń fi kòbókò na ọkọ̀ ẹlòmíràn kúrò lọ́nà, tí síréènì ń ké bí ẹni pé ilé ń jó. Kò rẹ̀ wọ́n, ebi kò pa wọ́n, ẹnikẹ́ni kò gé wọn lọ́nà. Al-Kùránì kìlọ̀ nínú Súrà Al-Isra pé kí ọmọ èèyàn má rìn lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, torí pé kò lè la ilẹ̀ já, kò sì lè ga tó òkè. Àwọn wọ̀nyí ń gbìyànjú láti la ilẹ̀ já. Àwọn tí wọ́n na lórí Kára láàárọ̀ á dé ẹnu iṣẹ́, wọ́n á sì wá ẹni tí àwọn náà lè bú.

Ọ̀rọ̀ èpè ni mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ tẹ́tí sí ohun tí à ń sọ fún ara wa: "O ò ní délé!" "Orí títì ni wàá kú sí!" Èwo nínú wa, Kristẹni, Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ni kò gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu ní agbára? Àwa la ń kìlọ̀ fún ọmọ kéékèèké pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ burúkú láàárọ̀. Ẹni tó sọ pé ẹlòmíràn kò ní délé, ọ̀nà kan náà ni òun alára ń gbà délé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé, òun ló sì ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ. Ikú kò jìnnà sí títì débi pé a ó tún máa ránṣẹ́ pè é. Nínú ìwàásù orí òkè, Jésù kò ya ẹni tó bínú sí arákùnrin rẹ̀, tó sì pè é ní òmùgọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ apànìyàn. Ibi kan náà ló ti sọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àsọdùn ni. Ẹ wá dúró ní ẹnu ọ̀nà OPIC ní aago méje alẹ́, ẹ ó rí i pé ìṣísẹ̀ tó wà láàárín "òmùgọ̀" àti sípánà kò pọ̀.

Bàbá mi fẹ́ràn ìmọ̀ràn tí Lùkúmánì gba ọmọ rẹ̀ nínú Al-Kùránì, pé kí ó rọra rìn, kí ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí pé nínú gbogbo ohùn, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló burú jù létí. Bí ó bá gbọ́ ẹni tó ń tẹ fèrè láìdáwọ́ dúró, á kàn ní, "Lùkúmánì," á sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó tún máa ń sọ pé ẹnìkan bẹ Ànábì pé kí ó gba òun nímọ̀ràn, ó ní kí ó má bínú. Ọkùnrin náà tún bèèrè, ìdáhùn kò yí padà. Ànábì kan náà ló kọ́ wọn pé ẹni tí inú bá bí ní ìdúró, kí ó jókòó. Awakọ̀ ti jókòó tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù fún un ni kí ó má dìde.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi, àdúrà tó máa ń ṣe kó tó jáde nílé ni mo dì mú jù, èmi tí mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Àdúrà tí Úmmú Sálámà, aya Ànábì, sọ pé Ànábì máa ń ṣe ni. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń jáde ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun má ṣìnà, kí wọ́n má sì ṣi òun lọ́nà; kí òun má yọ̀, kí ẹlòmíràn má sì mú òun yọ̀; kí òun má ṣàbòsí sí ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣàbòsí sí òun; kí òun má hùwà aláìmọ̀kan, kí wọ́n má sì hu irú rẹ̀ sí òun. Ẹ wò ó dáadáa, apá méjì ni gbogbo rẹ̀ ní. Apá kan ṣoṣo ni àwa ń gbà. Ní ìjọ wa àti ní ilé wa, a ń bẹ Ọlọ́run kí a má ṣe pàdé aburú lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ tí orí rẹ̀ kò pé má ṣe kọlù wá, kí ẹ̀jẹ̀ wa má ṣe ta sílẹ̀. A kì í bẹ̀ ẹ́ kí àwa má jẹ́ aburú tí ẹlòmíràn pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan wà ní Ìbàfò lówùúrọ̀ òní, lórí eékún tirẹ̀, tó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run pa á mọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin lẹ́mọ́mù tí ibùdó yín wà lójú márosẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ tú ìjọ ká lóru ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, bí ẹ bá kírun tán tí àwọn èèyàn ń wá bàtà wọn, ẹ fi apá kejì àdúrà náà kún un. Ẹ ní kí wọ́n wí i tẹ̀ lé yín, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi láàárín ibí àti ilé. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó dúró níwájú wọn lè ti rí ọmọdé kan nílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo ibi láti Kára dé oríta Ṣàgámù, àwọn èèyàn yín ló wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ohùn yín ni wọ́n sì ń gbọ́.